Ẹ̀jẹ̀ Rado Nínú Fìrísà

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Ṣẹ́rẹ́
Òtútù dé, ikọ́ tẹ̀ lé e. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti kún dé ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì Penka ní tí wọ́n bá tún gbé ọmọ kan wá, orí kẹ̀kẹ́ oúnjẹ lòun máa tẹ́ ẹ sí. Mo gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ mẹ́ta fún iṣẹ́ ìwádìí wa, gbogbo wọn ló fi ẹkún bú mi. Mo ra ẹyin bọ̀. Léfì, owó wa àtijọ́, ni mo san, yúrò tuntun ni ọmọbìnrin tó ń tajà fi ṣe ṣéńjì fún mi, àwa méjèèjì wá dúró síbẹ̀ à ń ṣírò, inú ń bí àwọn tó wà lẹ́yìn. Ẹyin ti wọ́n, owó yòówù kéèyàn fi rà á.

Ọjọ́rú, 21 Ṣẹ́rẹ́
Ọjọ́ àwọn ìyá àgbà àti agbẹ̀bí. Àwọn obìnrin gbé àkàrà banitsa àti ọtí rakia wá fún àwọn agbẹ̀bí lókè, wọ́n ti ń kọrin kí oòrùn tó kan àtàrí. Ní gbogbo abúlé lónìí, ìyá àgbà ló ń wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀, tó ń fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀. Dókítà Kalchev, ọ̀gá wọ́ọ̀dù, dúró sójú fèrèsé ó ń ráhùn:

“Ẹ máa fẹnu kò wọ́n lọ o. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ mi náà lẹ máa kó wọn wá.”

“Ẹ jẹ́ káráyé sinmi, Dókítà,” Penka ní. “Ṣebí banitsa ló kún ẹnu yín.”

Ó sì kún un lóòótọ́. Mo rò pé ó jẹ mẹ́rin.

Ọjọ́ Ajé, 26 Ṣẹ́rẹ́
Yìnyín bo gbogbo ìlú. Wọ́n gbé ọmọ kan wá láti Gorna Krusha. Radoslav ni wọ́n sọ ọ́, Rado ni wọ́n ń pè é, kò tíì pé oṣù méjì. Bó ṣe ń mí, àárín egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé. Bilyana, ìyá rẹ̀, kéré débi pé Penka kọ́kọ́ rò pé ẹ̀gbọ́n ọmọ ni. Bàbá ọmọ ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Jámánì. Ìyá ọkọ ló bá a wá, Màmá Stoyna, àwọn àti ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ ìnura wé. Àwọn náà ń wúkọ́.

“Màmá, ìta lẹ máa dúró sí. Ẹ ń wúkọ́.” Penka ti na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

“Ikọ́ wo? Ẹ̀ẹ́fín ni. Ààrò ilé mi ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ̀ẹ́fín wo ló ń múni gbóná lára báyìí?”

“Ìwọ ọmọ yìí! Èmi ni mo wẹ ọmọ yẹn lọ́jọ́ àwọn ìyá àgbà, ọwọ́ mi méjèèjì yìí, ìwọ lo wá ń lé mi?”

Penka ò mira. Ìgbà tó yá, ọbẹ̀ wọlé, Màmá Stoyna ò wọlé.

Mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ fún Bilyana. Ó di ọmọ rẹ̀ mú, ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè.

“Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Èyí tó kéré báyìí, ẹ̀jẹ̀ mélòó ló ní?”

“Díẹ̀ la máa gbà. Kò ní tó omijé tó ti sun láàárọ̀ yìí.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

Mo sọ fún un pé ẹ̀dọ̀fóró máa ń ṣe èròjà kan fúnra rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kó lè ṣí, kó pa dé, láìlẹ̀ mọ́ra. Inú ibẹ̀ ló ń gbé. Àmọ́ tí àìsàn bá ba ògiri ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, èròjà yẹn á jò sínú ẹ̀jẹ̀. A fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ lè sọ ohun tí etí wa àti fọ́tò àyà ò lè sọ fún wa.

“Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé ó ń jò, kí lẹ máa ṣe fún un?”

Mi ò lè purọ́ fún un. “Nǹkan kan ò sí nísinsìnyí. Inú fìrísà ló máa wà di ìparí oṣù kẹta. Ìgbà yẹn la máa wọn gbogbo rẹ̀ pa pọ̀.”

“Á jẹ́ pé Rado kọ́ ló máa wúlò fún.”

“Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni.”

Ó ronú sí i. Ó tú ọwọ́ ọmọ kúrò nínú aṣọ.

“Ẹ gbà á. Àwọn yẹn náà, ẹnì kan ló máa bí wọn.”

Ọjọ́rú, 28 Ṣẹ́rẹ́
Rado ò dáa. Wọ́n ti fi í sórí ọ́síjìn alágbára. Kò mu ọmú. Bilyana fún wàrà rẹ̀ sínú ife, ó gbé e dání, kò mọ ẹni tó máa gbé e fún.

Àbámẹ́ta, 31 Ṣẹ́rẹ́
Ó mu díẹ̀! Penka ń jó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú sálúbàtà rẹ̀ tó ti já.

Ọjọ́ Ajé, 2 Èrèlé
Wọ́n yọ ọ́síjìn lára Rado láàárọ̀, ara rẹ̀ gbà á. Bilyana ti rí òwú pupa àti funfun rà nísàlẹ̀, ó ń lọ́ ọ fún ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, tí a máa ń so ó fún ìlera, ó ní gbogbo ọmọ wọ́ọ̀dù ló máa rí tiwọn so mọ́ ọwọ́. Màmá Stoyna pè lórí fóònù, a gbọ́ ohùn wọn dé ibi tí mo wà. Wọ́n ní ṣé ó ń fi nǹkan bo orí ọmọ. Wọ́n ní kó rí i dájú pé fèrèsé wà ní títì, pé atẹ́gùn tó ń gba fèrèsé wọlé gba ẹnu ọ̀nà jáde ló ń pa ọmọ. Bilyana ń dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni, Màmá” títí ọwọ́ rẹ̀ fi ro.

Ọjọ́rú, 4 Èrèlé
Rado lọ sílé. Kí n tó gba ẹ̀jẹ̀ kejì, mo na ìka sí i, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀rín gidi ni, gbogbo erìgì. Ó tì mí lójú láti gún un lẹ́yìn ìyẹn, àmọ́ mo gún un.

Kalchev gbọ́ àyà rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ó tún wo fọ́tò rẹ̀ lójú iná. Ó mọ́. Ó fọwọ́ síwèé.

“Dókítà, ṣé mo lè wẹ̀ ẹ́? Ìyá ọkọ mi ní ó di lẹ́yìn oṣù kan tá a bá délé.”

“Wẹ̀ ẹ́ jàre. Omi kì í pa ọmọ. Kó o sì máa ṣí fèrèsé díẹ̀, ilé tí wọ́n ń fi igi dáná nínú rẹ̀ nílò afẹ́fẹ́.”

Bilyana bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún mi, n ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri wọn.”

Ó fẹnu kò Penka. Ó fẹnu kò èmi náà. Mo gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ Rado sínú fìrísà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 7 Èrèlé
Ìjì yìnyín láti àárọ̀. Iná lọ. Ọ̀nà gbogbo abúlé ti dí, a ò rí odò Danube láti fèrèsé mọ́. Mo wà nílé, mo ṣe ọbẹ̀ ẹ̀wà, mo sùn lọ́sàn-án. Ojú mi ń wá oorun.

Ọjọ́ Ajé, 9 Èrèlé
Mò ń lọ síbi iṣẹ́, mo yà ra búrẹ́dì. Òpó iná wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù náà, ibẹ̀ ni gbogbo wa máa ń ka ìkéde òkú nígbà tá a bá ń tò. Mo ti ń ka ìkéde lára òpó yẹn láti kékeré mi, bí ẹni ń ka ojú ọjọ́. Àwọn arúgbó ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Lónìí, ojú ọmọ ni mo rí láàárín wọn, àwòrán inú fóònù tí wọ́n mú tóbi, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ìbora tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìbora wọ́ọ̀dù wa ni.

Mo ka orúkọ náà títí ẹni tó wà lẹ́yìn mi fi ní, “Ìyáàfin, ṣé ẹ fẹ́ ra búrẹ́dì àbí ẹ ò fẹ́?”

Mi ò rà á.

Ìṣẹ́gun, 10 Èrèlé
Penka ti gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ara ọmọ ṣì dá. Bilyana wẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìmí rẹ̀ ti ń já. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé ìdajì ọ̀nà, ó há sínú yìnyín. Aládùúgbò kan gbé wọn sórí katakata, Bilyana fi ọmọ sínú ẹ̀wù rẹ̀. Ọmọ náà ò yè dé ibi tí ọkọ̀ há sí.

Mo lọ bá Kalchev ní ọ́fíìsì. Ó ti gbọ́. Fọ́tò àyà Rado wà lójú iná, ó ń wò ó.

“Ó mọ́, Nevena. Wá wò ó. Wá bá mi wò ó.”

Mo wò ó. Ó mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 19 Èrèlé
Ọmọ mẹ́jọ wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Nígbà tí mo bá ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn, mi ò wo ojú wọn mọ́. Apá nìkan ni mò ń wò.

Àìkú, 1 Ẹrẹ́nà
Bilyana ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta yàrá àyẹ̀wò nígbà tí mo dé, ó wọ dúdú láti òkè délẹ̀, àpò ọ̀rá kan wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òwú tó lọ́ ló wà nínú rẹ̀, pupa àti funfun.

“Mo ṣèlérí fún wọn. Ẹ bá mi so ó mọ́ ọwọ́ àwọn ọmọ. Èmi ò lè so pupa mọ́ni lọ́wọ́ bí mo ṣe ń ṣọ̀fọ̀ yìí.”

Mo mú un wọlé, mo po tíì. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́ aṣọ ló ń sùn. Màmá Stoyna ló ní kó máa lọ. Ní ọjọ́ ìsìnkú, níwájú gbogbo abúlé, wọ́n ní òun ló fi omi àti atẹ́gùn pa ọmọ àwọn.

“Wọ́n bá fèrèsé ní ṣíṣí, irun Rado sì tutù. Mo ní dókítà ló ní kí n ṣe é. Wọ́n ní ṣé dókítà ló bí i ni.”

“Ọkọ rẹ ńkọ́?”

“Plamen? Ó ní kí n ní sùúrù pẹ̀lú ìyá òun. Jámánì ló ti ń sọ ọ́.” Ó fi ọwọ́ nu imú. “Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, Àbámẹ́ta tó ṣáájú, ni wọ́n fi ogójì ọjọ́ rẹ̀ sí. Wọ́n ní tí mo bá fi lè débẹ̀, àwọn á da àlìkámà tí wọ́n máa sè ní ìrántí rẹ̀ nù fún ajá. Dókítà Nevena, ó lè jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ sọ fún mi. Ṣé èmi ni?”

Mo ní rárá. Ó bi mí báwo ni mo ṣe mọ̀. Fìrísà ń kùn lẹ́yìn mi.

Penka so òwú náà mọ́ ọwọ́ gbogbo ọmọ wọ́ọ̀dù. Ẹyọ kan ṣẹ́ kù.

Ọjọ́ Ajé, 2 Ẹrẹ́nà
Mo sọ fún Kalchev pé mo fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ Rado.

“Wọn ò ní jẹ́ kó o mú ìgò kan ṣoṣo jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí ìwádìí yìí ní Sófíà á bọ́ ẹ láṣọ.”

“Ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀ ti tó kún àwo àyẹ̀wò kan. Mo máa ní ká wọn gbogbo rẹ̀.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún.

“Tó bá wá lọ sílẹ̀ ńkọ́? O ti rò ó? Tí ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ kẹrin oṣù bá sọ pé ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà dáa nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ wa? Kí lo fẹ́ lọ sọ fún ọmọbìnrin yẹn?”

Mi ò rò ó. Ká sọ òótọ́, kò wá sí mi lọ́kàn rí.

“Tó bá sì ga,” ó ní, “èmi ni.”

“Kì í ṣe ẹ̀yin. Kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ.”

“Lọ pe Sófíà.” Ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ọjọ́rú, 4 Ẹrẹ́nà
Lánàá ọlidé ni, kò sẹ́ni tó gbé fóònù. Lónìí ọ̀jọ̀gbọ́n gbé e. Obìnrin náà ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọ kankan, bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Mo ní àwo kan ti kún, fìrísà wa ti gbó, iná ń lọ ṣáá, ẹ̀rù ń bà mí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ìdí rẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ odindi àwo, kí n wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́rú, 11 Ẹrẹ́nà
Mo bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Mo rọra ń kán omi ẹ̀jẹ̀ sínú gbogbo ojú àwo náà, mo sọ fún Penka pé kó má bá mi sọ̀rọ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀, ó ń lé àwọn èèyàn.

Àwọn ọmọ tó kù, ohun tó ń jò ga nígbà tí wọ́n wọlé, ó lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ sílé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn rí bẹ́ẹ̀. Ti Rado ga nígbà tó wọlé. Ní ọjọ́ tó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ti ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kó má bàa sá mọ́ mi lọ́wọ́ tó bá dọ̀la: inú mi dùn pé ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yẹn ti bàjẹ́ kó tó délé. Lẹ́yìn náà ni mo fi orí lé tábìlì, mo sunkún títí Penka fi gba gíláàsì ojú mi lọ́wọ́ mi kí n má bàa fọ́ ọ.

Kalchev ka nọ́ńbà náà lórí ìdúró. Ó tọ́ka sí ọmọ méjì míì tí tiwọn náà ga. “Àwọn yìí wà láàyè.”

“Wọ́n wà láàyè.”

“Nítorí náà kò lè sọ ẹni tó máa kú.”

“Kò lè sọ ọ́. Àmọ́ ó sọ ibi tí ìbàjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.”

Ó ká ìwé náà sínú àpò. “Ọjọ́ Ẹtì, mo máa wa ọkọ̀. Ìwọ lo máa sọ̀rọ̀.”

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Ẹrẹ́nà
Yìnyín ti yọ́, gbogbo ọ̀nà di ẹrẹ̀. Ọkọ̀ Lada Kalchev kú lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé Gorna Krusha, ó ń bú u bí ẹni bú ẹṣin. Àwòrán Rado wà lára géètì pẹ̀lú ribọ́ọ̀nù dúdú.

Màmá Stoyna ń ṣa àlìkámà lórí tábìlì. Wọ́n ti rù. Wọn ò ní ká jókòó.

“Dókítà méjì fún òkú ọmọ kan. Ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé.”

Kalchev bọ́ sẹ́yìn mi. Ọkùnrin tó máa ń pariwo mọ́ gbogbo wa láti àárọ̀ dalẹ́! Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹ̀jẹ̀ Rado wà lọ́wọ́ wa láti ọjọ́ tó lọ sílé. Mo ní òrùlé lè máa jò sínú àjà kí ẹnikẹ́ni tó rí omi nínú yàrá. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń jò kó tó dé ilé yìí. Etí wa ò gbọ́ ọ, fọ́tò ò rí i.

“Fèrèsé ṣí. Mo fi ojú mi rí i. Orí ọmọ tutù.”

“Èmi ni mo ní kó ṣí i,” Kalchev ní. Ó ti bọ́ síwájú mi. “Èmi ni mo ní kó wẹ̀ ẹ́. Omi ò ṣe é, atẹ́gùn ò ṣe é. Èmi ni mo fọwọ́ sí i pé kó máa lọ sílé, Màmá. Bilyana ò ṣe nǹkan kan.”

Ọwọ́ Màmá Stoyna ò kúrò nínú àlìkámà. Wọ́n ń ṣa òkúta tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

“Ta wá ni kí n máa bínú sí báyìí?”

“Èmi rèé.”

Wọ́n wò ó láti orí dé bàtà rẹ̀ tí ẹrẹ̀ ti bò. “Ìwọ ti darúgbó jù. O ò ní lálòpẹ́.”

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Kalchev ní òun ń lọ wo ọkọ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ ló ń lọ wò.

Bó ṣe jáde, Màmá Stoyna gbá ọwọ́ mi mú.

“Dókítà, ẹ gbọ́. Ikọ́ tó ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ yẹn. Ibo ló ti kó o?”

Mo rántí wọn lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ọbẹ̀ lọ́wọ́, ojú wọn pupa. Mo rántí ọjọ́ àwọn ìyá àgbà, ìwẹ̀ àti ìfẹnukò ọjọ́ náà.

“Kò sẹ́ni tó lè mọ̀, Màmá. Gbogbo ìlú ló ń wúkọ́.”

“Gbogbo ìlú.”

“Gbogbo ìlú. Wọ́ọ̀dù wa kún dé ẹnu ọ̀nà.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n mú fóònù jáde nínú àpò ẹ̀wù ilé wọn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. “Ẹ bá mi tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Ìka mi ò gbọ́ tèmi.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dún pẹ́. Nígbà tí Bilyana gbé e, Màmá Stoyna ò kí i, wọn ò bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní:

“Ọmọbìnrin, àlìkámà ti wà nílẹ̀. Mi ò mọ bí ṣúgà ṣe ń tó nínú rẹ̀ mọ́. Wá sè é fún ọmọ rẹ.”

Wọ́n gbé fóònù náà mọ́ etí pẹ́ lẹ́yìn tí ẹni tó wà lódìkejì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Àbámẹ́ta, 14 Ẹrẹ́nà
Oòrùn ràn. Igi pọ́ọ̀mù tó wà lẹ́bàá ọgbà ìsìnkú ti yọ òdòdó. Bilyana ló dúró nídìí abọ́ àlìkámà, ó ń bù ú sọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wá. Nígbà tó kàn mí, ó ní, “Ẹ jẹ ẹ́ fún Rado.” Mo jẹ ẹ́. Ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù. Mo fún un ní òwú tó ṣẹ́ kù, kò so ó mọ́ ara rẹ̀, ó lọ so ó mọ́ ẹ̀ka igi pọ́ọ̀mù náà, bí a ṣe máa ń ṣe tí igi bá ti yọ òdòdó. Plamen dé láti Jámánì, ó dúró tì í, kò mọ ibi tó yẹ kó fi ọwọ́ sí.

Obìnrin aládùúgbò kan wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó wé sínú ṣọ́ọ̀lù. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbí, ó gbé ọmọ náà sún mọ́ Màmá Stoyna kí wọ́n fẹnu kò ó lórí, kó lè tù wọ́n nínú.

Màmá Stoyna fi ìborùn bo ẹnu àti imú wọn. Wọ́n ń fà sẹ́yìn, wọ́n ń mi orí, títí ẹ̀yìn wọn fi kan ògiri ọgbà náà. Wọn ò tiẹ̀ wúkọ́ lónìí.